Ọtí Bárakú àti Ìpara-ẹni: Iṣẹ́ Àwọn Dókítà Saint Louis

 

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní gbangba. Bí ènìyàn bá pa ara rẹ̀ ní àdúgbò, ńṣe ni à ń rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n á ní àìsàn díẹ̀ ló ṣe é, wọ́n á ní àyà ló dùn ún. Bí ó bá wá jẹ́ pé ọ̀mùtí ni ẹni náà, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn: ẹ̀ṣẹ̀ méjì ló pàdé lórí òkú kan, aya àti àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ kò sì ní mọ ibi tí wọn yóò fojú sí. Àwa tí à ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú, tí a sì tún kàwé díẹ̀ ní ilé ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn máa ń bi wá léèrè lórí irú òkú bẹ́ẹ̀: ṣé kí a kírun sí i lára ni, àbí kí a má kírun? Ìbéèrè náà dára, a ó sì kàn án. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kì í bi wá: kí ló ṣẹlẹ̀ sí ẹni náà ní oṣù mélòó kan kí ó tó kú, ta ni ó sì sọ ọ́ fún? Àwọn dókítà kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fi irú ìbéèrè yìí ṣe iṣẹ́ ṣe fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ìtàn wọn ni a fẹ́ sọ.

Ìlú Saint Louis wà ní etí odò Mississippi, ní ìpínlẹ̀ Missouri. Àwọn tó ka ìtàn Ìsìláàmù yóò rántí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ìlú náà. Louis Kẹsàn-án ni, ọba Faransé tó kó ogun àwọn alágbèélébùú wá sí Íjíbítì, tí àwọn Mùsùlùmí mú ní ìgbèkùn ní agbègbè Mansura ní ọdún 1250, tó sì san owó ìràpadà kó tó padà lọ. Ní ọdún 1270 ó tún kó ogun lọ sí Tunis, ibẹ̀ ni ó sì kú sí. Àwọn ará Faransé tó tẹ ìlú Saint Louis dó kà á sí ẹni mímọ́. Ojú tí àwa fi ń wò ó yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ wa lónìí. Ohun tó kan ọ̀rọ̀ wa ni pé ìlú náà jẹ́ ìlú bíà. Níbẹ̀ ni àwọn ará Jámánì tó ṣí wá sí Amẹ́ríkà ti dá ọ̀pọ̀ ilé ìpọntí sílẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ sì ni ilé-iṣẹ́ Anheuser-Busch ti bẹ̀rẹ̀.

Yunifásítì kan wà ní ìlú yìí tí wọ́n ń pè ní Washington University. Kí òǹkàwé má ṣe ṣì í mú, kì í ṣe Washington olú-ìlú Amẹ́ríkà ni à ń wí. Ọdún 1949 ni Dókítà Eli Robins dé ibẹ̀. Texas ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1921, ó sì kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Harvard. Ní àkókò náà, púpọ̀ nínú àwọn dókítà àrùn ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ló ń tẹ̀ lé ọ̀nà Freud, ará Vienna: kí aláìsàn máa sọ àlá rẹ̀ àti ìgbà èwe rẹ̀, kí dókítà sì máa túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti tọ́ lójú rẹ̀. Robins àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fara mọ́ èyí. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kí a ka nǹkan, kí a wọ̀n ọ́n, kí a bi ẹlẹ́rìí, kí ẹlòmíràn sì lè tún un yẹ̀ wò. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìmọ̀ hádíìsì rí kò ní ṣàì mọ irú ènìyàn báyìí. Àwọn Imam wa tó kó hádíìsì jọ kì í gba ọ̀rọ̀ nítorí pé ó dùn létí. Wọ́n á bi ẹni tó sọ ọ́, wọ́n á bi ẹni tó gbọ́ ọ, wọ́n á sì wádìí bóyá àwọn méjèèjì tilẹ̀ pàdé ara wọn rí.

Kí wọ́n tó dé, àwọn onímọ̀ ti ń kọ̀wé lórí ìpara-ẹni. Émile Durkheim, ọmọ Faransé, ti ka irú òkú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé àkọsílẹ̀ ìjọba orílẹ̀-èdè púpọ̀, ó sì tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1897. Ó fi ẹlẹ́sìn kan wé èkejì, ó fi ẹni tó láya wé àpọ́n. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n orí tábìlì ni ó ti ṣe é. Kò kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni láti béèrè bí olóògbé ti rí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ayé rẹ̀.

Ilẹ̀kùn yìí gan-an ni àwọn ti Saint Louis lọ kàn. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 1956 di oṣù Karùn-ún ọdún 1957, gbogbo ẹni tí kọ́rónà dájọ́ pé ó pa ara rẹ̀ ní ìlú náà àti agbègbè rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn kò ṣa ẹnì kan yọ. Ènìyàn 134 ni gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tọ ilé àwọn olóògbé lọ. Wọ́n bi ọkọ tàbí aya, wọ́n bi ọmọ ìyá, ọ̀rẹ́, aládùúgbò, ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ àti dókítà tó ń tọ́jú wọn. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi gbogbo wọn: ṣé ó ń sùn? Ṣé ó ń jẹun? Ṣé ó ń mutí, láti ìgbà wo, báwo ni ó sì ṣe pọ̀ tó? Kí ló sọ? Ẹ fojú inú wò ó bí iṣẹ́ náà yóò ti rí. Ẹni tí òkú ṣì tutù nílé rẹ̀, tí ojú ń tì, àlejò kan wọlé pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, ó ní kí ó sọ gbogbo rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Bí ó ti wù kí ó rí, púpọ̀ jù lọ nínú wọn ló sọ ọ́. Ní tiwa, a rò pé ọ̀pọ̀ ọ̀fọ̀ ń wá ẹni tí yóò bi í léèrè láìdá a lẹ́bi. Ọ̀nà ìwádìí yìí tàn kálẹ̀ lẹ́yìn náà ní Los Angeles àti ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn.

Ní ọdún 1959 ni Robins, George Murphy àti àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Nínú ènìyàn 100, 94 ni àìsàn ọkàn tàbí ti ọpọlọ ti ń ṣe kí wọ́n tó kú. Àìsàn méjì ló sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ènìyàn 60 nínú àwọn 134 náà ni àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé bá, irú ìbànújẹ́ tó máa ń gba oorun, tó ń gba oúnjẹ, tó ń mú kí ènìyàn dà bí igi gbígbẹ. Ènìyàn 31 sì ni ọtí ti di bárakú fún.

Èyí yàtọ̀ sí ohun tí ará ìta rò. A máa ń rò pé gbèsè ni, tàbí àṣírí tó tú, tàbí pé ẹni náà kàn jókòó ní ọjọ́ kan tó sì pinnu pẹ̀lú làákàyè tó pé. Àwọn dókítà yìí kò sọ pé gbèsè kò sí. Ohun tí wọ́n rí ni pé àìsàn ti wà nílẹ̀ kí gbèsè tó dé. Nígbà tí àwọn dókítà Gẹ̀ẹ́sì tún irú ìwádìí náà ṣe lórí ènìyàn 100 ní gúúsù ilẹ̀ wọn, tí Barraclough àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1974, 93 nínú wọn ni àìsàn irú rẹ̀ ń ṣe, ọtí bárakú sì jẹ́ 15.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbọ̀n wá jìgìjìgì nínú iṣẹ́ ọdún 1959 kì í ṣe èyí. Òun ni pé ìdá 69 nínú 100 àwọn olóògbé náà ló ti fi ọkàn wọn hàn fún ẹlòmíràn kí wọ́n tó kú, ìdá 41 sì sọ ọ́ ní ṣàkó pé àwọn yóò pa ara àwọn. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sọ ọ́ fún, kì í sì ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Wọ́n sọ fún aya, wọ́n sọ fún ọmọ, wọ́n sọ fún ọ̀rẹ́. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ kan wà káàkiri ayé, ó sì wà ní ilẹ̀ wa pẹ̀lú, pé ẹni tó ń sọ pé òun yóò pa ara òun kò lè ṣe é, ẹni tí yóò ṣe é kì í sọ. Àwọn 134 yìí ti já irọ́ náà. Ti àwọn ọ̀mùtí sì tún burú jù. Bí ọ̀mùtí bá sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí ní alẹ́, ọ̀rọ̀ ọtí ni a ó pè é. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ojú a máa ti òun náà láti tún un sọ.

Dókítà Murphy ló wá gbé ọ̀rọ̀ ọtí yìí ka orí ara rẹ̀. Ní ọdún 1967, òun àti Robins padà sí àkọsílẹ̀ wọn, wọ́n fi àwọn 31 tí ọtí di bárakú fún wé àwọn 60 tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé bá. Wọ́n rí ìyàtọ̀ kan. Nínú àwọn ọ̀mùtí, bí ìdá mẹ́ta kan ló pàdánù ẹni tó sún mọ́ wọn jù láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú ikú wọn. Aya kó jáde, tàbí ilé ẹjọ́ tú ìgbéyàwó ká, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé kú, tàbí ìjà ńlá lé wọn kúrò nílé. Àwọn onírẹ̀wẹ̀sì ọkàn kò rí bẹ́ẹ̀. Àìsàn tiwọn lè pa wọ́n pẹ̀lú ọkọ, aya àti ọmọ láyìíká wọn.

Ènìyàn 31 kéré. Ó lè jẹ́ èèṣì. Murphy mọ èyí, nítorí náà ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn òkú mìíràn ní Saint Louis kan náà, 50 ọ̀mùtí. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde ní ọdún 1979, ìdá 26 nínú 100 wọn ló ti pàdánù irú ẹni bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ẹlẹ́rìí kejì fi ẹsẹ̀ ti ẹlẹ́rìí kìíní.

Bí ó ti yé àwa nìyí. Ọtí bárakú kì í pa ènìyàn ní ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Murphy rí i pé ìparí ìrìn gígùn ni ìpara-ẹni àwọn ọ̀mùtí máa ń jẹ́, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún mímu. Láàrin ọdún wọ̀nyẹn, ọtí á ti jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ tán lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọ̀rẹ́ gidi á ti lọ, ẹbí á ti sú, iṣẹ́ á ti bọ́. Ó lè wá ku ẹnì kan ṣoṣo, aya tàbí ìyá arúgbó. Ẹni náà nìkan ni okùn tó so ó mọ́ ayé. Nígbà tí okùn yìí bá já, àwọn ará ìta kò ní rí nǹkan kan tó yí padà. Wọ́n á ní ọ̀mùtí náà ṣì ni.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ síbí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí lè mú ìpalára dání bí a bá gbà á lódì. A kò sọ pé kí obìnrin tí ọkọ ń fi ọtí lù máa gbé e bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kú. Ṣẹ̀ríà fún un ní ọ̀nà àbájáde, a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀mí ọkọ dì í lọ́rùn bí ẹrù. Aya kọ́ ló pa á. Ohun tí à ń wí ni pé ní ọjọ́ tí aya bá kó jáde, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ wọlé. Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rẹ́, Lèmọ́mù, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè bá a jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò ju ọjọ́ 42 lọ. Àwa tí a mọ bí a ti í ka ọjọ́ kẹjọ àti ogójì ọjọ́ fún òkú, tí a ń se ìrẹsì, tí a ń gbé àga sílé, kí ló dé tí a kò lè ka ogójì ọjọ́ fún ẹni tó ṣì wà láàyè?

Tí a bá sì wò ó dáadáa, àkókò náà bọ́ sínú ìdà, ìyẹn ìgbà tí Ọlọ́hun pa láṣẹ pé kí obìnrin tí a kọ̀ sílẹ̀ dúró dè. Nǹkan oṣù mẹ́ta ni. Ní ìkọ̀sílẹ̀ ẹ̀ẹ̀kíní àti ẹ̀ẹ̀kejì, ilẹ̀kùn kò tíì tì nínú oṣù wọ̀nyí, Suuratu Nisaa sì ti pàṣẹ pé kí onílàjà kan wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí ọkọ, kí òmíràn wá láti ọ̀dọ̀ ẹbí aya. Láyé òde òní, ìwé ìkọ̀sílẹ̀ nìkan ni à ń bójú tó. Onílàjà dà? A kì í rí i. Bí ó bá tilẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ ẹrù àti ọmọ ni yóò bá dé, kò ní bi ọkùnrin náà bóyá ó ń sùn lóru.

Murphy kò dá ẹbí nìkan lẹ́jọ́. Ní ọdún 1975 ó kọ̀wé nípa àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó wo àwọn tó pa ara wọn tó jẹ́ pé dókítà ti rí wọn ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ó sì fi hàn pé púpọ̀ nínú àwọn dókítà náà kò bi aláìsàn wọn ní ìbéèrè tó yẹ: wọn kò béèrè nípa ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, wọn kò béèrè bóyá ó ń ro ikú. Àkọlé tó fún un le: ojúṣe dókítà nínú ìpara-ẹni. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé bí a bá bi ènìyàn ní irú ìbéèrè yìí, a ó fi èrò náà sí i lọ́kàn. Ìwádìí àwọn onímọ̀ láti ìgbà náà wá ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀; ara máa ń tu ẹni tí a bá bi í léèrè pẹ̀lú ìfẹ́.

Murphy tún ṣe ohun kan tí a gbọ́dọ̀ yìn ín fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìwé àwọn dókítà ń sọ pé nínú 100 ọ̀mùtí bárakú, 15 ni yóò pa ara wọn. Iye náà ń ran iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́. Ó ń mú un tóbi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1990 òun àti Wetzel tún ìṣirò náà ṣe, wọ́n sì rí i pé kò tó bẹ́ẹ̀ rárá, pé láti bíi 2 sí 3 àti díẹ̀ nínú 100 ni. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde bẹ́ẹ̀. Iye náà ṣì ju ti ẹni tí kò ní àìsàn ọkàn lọ ní ìlọ́po púpọ̀, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn tó pọ̀ jù nínú àwọn ọ̀mùtí kò ní pa ara wọn. A fẹ́ràn ẹni tó bá lè dín iye tó ń gbè é lẹ́yìn kù nítorí òtítọ́.

Ní ọdún 1992 ni ó tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìpara-ẹni àwọn ọ̀mùtí jáde. Ní ọdún kan náà, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn ọ̀mùtí tó pa ara wọn wé àwọn ọ̀mùtí mìíràn tó ṣì wà láyé, wọ́n sì ka àpẹẹrẹ méje tó ya àwọn tó kú sọ́tọ̀. Ẹni náà ṣì ń mutí lọ títí dé òpin. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ti wọ inú ọtí náà. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ ikú jáde lẹ́nu. Kò ní alátìlẹ́yìn. Àìsàn ara tó lágbára ń bá a jà. Kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ń dá gbé. Kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn ló ń pani. Bí wọ́n bá ti ń pọ̀ lórí ẹnì kan ni ewu ń pọ̀. Ẹ kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ẹ sì ro àwọn tí ẹ mọ̀ ní àdúgbò yín. Èwo nínú méje yìí ni ó nílò dókítà láti mọ̀? Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn nìkan, bóyá. Àwọn yòókù, ìyá oníyẹ̀fun tó wà ní ẹnu ọ̀nà mọ̀ wọ́n.

Robins kò rí ọdún wọ̀nyẹn pẹ̀lú àlàáfíà. Àrùn iṣan kan tó ń sọ ènìyàn di arọ ti mú un. Ó ṣì kọ ìwé rẹ̀ lórí àwọn 134 náà parí, tó jáde ní ọdún 1981, ó sì kú ní ọdún 1994.

Ní ilẹ̀ tiwa ńkọ́? Ilé ìwòsàn Aro ní Abẹ́òkúta bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1954 lábẹ́ Dókítà Adéoyè Lambo, tó gba àwọn aláìsàn láyè láti máa gbé pẹ̀lú ẹbí wọn ní àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn náà ká. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Dókítà Tọ́lání Asuni, ló wo ìwé àwọn kọ́rónà ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, ó sì tẹ ohun tó rí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Iye tó bá nínú ìwé kéré púpọ̀, kò tó ẹnì kan nínú 100,000 ènìyàn lọ́dún. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ ilé Yorùbá mọ̀ pé ohun tó dé ọ̀dọ̀ kọ́rónà kọ́ ni gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkú abúlé kì í dé ọ̀dọ̀ kọ́rónà bí ẹbí kò bá fẹ́.

Ohun mìíràn sì wà tó ń mú kí a dákẹ́. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 1916 sọ gbígbìyànjú láti pa ara ẹni di ọ̀ràn tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ẹ̀wọ̀n ọdún kan. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì yọ irú òfin náà kúrò nílẹ̀ tiwọn ní ọdún 1961, wọ́n fi tiwa sílẹ̀ fún wa. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 tún un ṣe díẹ̀, ó ní kí adájọ́ fi ẹni náà ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn. Òfin àpapọ̀ lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023, ló rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe àwọn aláìsàn wọ̀nyí ní wèrè. A sì ní òwe kan tó ń bá òfin búburú ṣiṣẹ́, pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ní ayé Ọ̀yọ́ Ilé, bí àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì bá kọ Aláàfin, ikú ni ó kàn fún un. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni ìyẹn, ó sì ti lọ pẹ̀lú ìjọba náà. Kí baba máa pa òwe yìí létí ọmọ tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, a kò rí ọgbọ́n kankan níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn tí a ti ṣèlérí. Kò sí iyèméjì pé Àlùkùráánì ka ọtí léèwọ̀, ó sì ka ìpara-ẹni léèwọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí Ọlọ́hun ti ka ọtí léèwọ̀. Nínú Suuratu Bakọrah Ó kọ́kọ́ sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ inú rẹ̀ ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Nínú Suuratu Nisaa Ó ní kí ẹni tí ọtí ń pa má sún mọ́ ìrun. Nínú Suuratu Maaida ni Ó tó tì í pa pátápátá. Ọba tó dá wa mọ bí bárakú ti ń di ènìyàn mú. Hádíìsì kan wà nínú ìwé Bukhari nípa ọkùnrin kan ní Mọ̀dínà tí ọtí kì í fi sílẹ̀, tí wọ́n sì ń nà nítorí rẹ̀. Nígbà tí ẹnì kan ṣẹ́ èpè lé e, Ànọ́bì kọ̀ fún un, ó sì jẹ́rìí pé ọkùnrin náà fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ́ níyà, ṣùgbọ́n wọn kò lé e kúrò láwùjọ. Nínú àpẹẹrẹ méje tí Murphy kà, àìní alátìlẹ́yìn àti ìdágbé wà níbẹ̀; àwùjọ Mọ̀dínà kò fi méjèèjì kún ẹrù ọkùnrin yẹn.

Àwọn onímímọ̀ wa àtijọ́ náà kò gbàgbé àìsàn ọkàn. Abu Zayd al-Balkhi, tó kú ní ọdún 934, kọ ìwé kan lórí ìtọ́jú ara àti ọkàn. Ó pín ìbànújẹ́ sí méjì, èyí tí ẹni náà mọ ohun tó fà á àti èyí tí kò mọ ohun tó fà á rárá. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún tí irú ọ̀rọ̀ yìí ti wà ní èdè Lárúbáwá kí Saint Louis tó kàn án.

Ní ti ìrun òkú, hádíìsì wà nínú ìwé Muslim láti ẹnu Jabir ọmọ Samura pé Ànọ́bì fúnra rẹ̀ kò kírun sí ẹnì kan tó pa ara rẹ̀ lára. Èyí ni àwọn kan ń dì mú. Àwọn onímímọ̀ tó pọ̀ jù sọ pé ìkìlọ̀ fún àwọn alààyè ni, pé aṣáájú lè fà sẹ́yìn kí àwọn yòókù sì kírun. Nínú ìwé Muslim yìí kan náà ni ìtàn ọ̀rẹ́ Tufayl ọmọ Amr wà, ẹni tó bá a ṣe hijira wá sí Mọ̀dínà, tí àìsàn mú, tí kò lè fara dà á mọ́, tó sì ṣe ara rẹ̀ léṣe títí ó fi kú. Tufayl rí i lójú àlá ní ipò tó dára, ṣùgbọ́n ó bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó ní Ọlọ́hun ti forí jin òun nítorí hijira òun, àfi ọwọ́ tí òun fi ba ara òun jẹ́. Tufayl rọ́ àlá náà fún Ànọ́bì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, Ànọ́bì sì tọrọ àforíjìn fún ọwọ́ náà pẹ̀lú. Imam Nawawi, nígbà tó ń ṣàlàyé hádíìsì yìí, fi í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó pa ara rẹ̀ kò di kèfèrí nítorí ìyẹn. Nítorí náà, wọn yóò wẹ̀ ẹ́, wọn yóò kírun sí i lára, wọn yóò sì sin ín sí àárín àwọn Mùsùlùmí.